Irin Ní Í Gbẹ̀yìn: Iṣẹ́ Wíwọn Ọ̀rá Ara Tí Mo Ṣe ní Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni ẹ ó yàn, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀rù ni mo fi ṣe iṣẹ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ inú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá mi le bí ojú ẹja. Ẹ̀rù nọ́ńbà ni. Bí mo bá ti sọ nọ́ńbà kan jáde lẹ́nu, ènìyàn kan á torí rẹ̀ jẹun, tàbí kó torí rẹ̀ febi pa ara rẹ̀, mi ò sì ní í mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ àfi tó bá ti pẹ́ jù.

Àwọn ará Igbókòdá ń pè mí ní Bàbá Ẹ̀mú. Kì í ṣe ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń sọ o. Ẹ̀mú tèmi kéré, ó lẹ́nu méjì, ó ní ojú tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ bíi ti aago, òun la fi ń gbá awọ ara mú láti mọ bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti nípọn tó. Àwọn agbérin ni oníbàárà mi, àwọn tó ń gbé irin kí iṣan wọn lè yọ, tí wọ́n á wá lọ dúró lórí pèpéle níwájú àwọn adájọ́ ìdíje pẹ̀lú pátá kékeré nídìí àti òróró lára. Kí ọjọ́ ìdíje tó pé, wọ́n ní láti dín oúnjẹ kù fún oṣù mẹ́ta kí ọ̀rá lè yọ́ tán, kí iṣan lè hàn ketekete. Èmi ni mo ń sọ fún wọn iye ọ̀rá tó kù. Bí mo bá ní ó kù, wọ́n á tún gbé àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo bá ní ó ti tán, wọ́n á dúró.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làsísì. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: bàbá mi mọ̀ ọ́n, ó mú mi lọ, wọ́n gbà mí. Owó tí mo ń gbà kò tó ohun à ń ròyìn. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọ̀gá mi, Mùsùlùmí ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí bí àwọn atukọ̀ òkèèrè ṣe ń gbé irin lórí ọkọ̀ wọn. Nígbà tó padà sílé, ó kó àwọn wíìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ti dẹnu kọlẹ̀ jọ, ó fi wọ́n sí etí páìpù, ó sì sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Igbókòdá di jíìmù. Àwọn ọmọ tó ń fa àwọ̀n nínú òkun láti àárọ̀ ló ń wá síbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Apá wọn ti le kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin.

Odidi ọdún kan ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀mú. Àkísà aṣọ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Á ká aṣọ ní ìpele mẹ́ta, tàbí márùn-ún, tàbí mẹ́jọ, á fi gèlè ìyàwó rẹ̀ dì mí lójú, á ní kí n fi àtàǹpàkò àti ìka kan gbá a mú, kí n sọ iye ìpele tó jẹ́. Bí mo bá ṣì í, màá di páìpù òfìfo mú lókè orí títí apá mi á fi máa gbọ̀n. Nígbà tí aṣọ yé mi, a bọ́ sára ènìyàn. Ibi méje la máa ń gbá mú: ẹ̀yìn apá, abẹ́ eegun èjìká, àyà, abẹ́ abíyá, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ikùn, àti iwájú itan. Ó kọ́ mi kí n gbé awọ àti ọ̀rá nìkan, kí n fi iṣan sílẹ̀ níbi tó wà. Ó kọ́ mi pé awọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ti rin, kí n jẹ́ kó gbẹ kí n tó sún mọ́ ọn. Ó ní òṣùwọ̀n nìkan kì í sọ òótọ́, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá, ẹran àti omi. Bí ara bá fúyẹ́ tí ìnípọn awọ kò sì dín kù, ó ní kí n tètè dá a dúró, ẹran ara ló ń jó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọwọ́ kọ́kọ́ sọ, ẹnu jẹ́rìí, irin gbẹ̀yìn. Kí n tó ṣí ẹ̀mú, mo gbọ́dọ̀ fi ìka gbá ara ẹni náà mú, kí n wí nọ́ńbà tèmi sókè, kí n kọ ọ́ sí apá òsì ìwé. Lẹ́yìn náà ni irin á wá sọ tirẹ̀, tí màá kọ ọ́ sí apá ọ̀tún.

"Bí ọwọ́ àti irin bá ń jà," ọ̀gá mi á wí, "má gbèjà ọ̀kankan nínú wọn, má sì yí oúnjẹ ẹnikẹ́ni padà. Ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kan, ìkánjú mú mi, mo yọjú wo ẹ̀mú kí n tó sọ tẹnu mi. Ọ̀gá Làsísì rí mi. Kò nà mí. Ó fa ojú ewé náà ya, ó pe oníbàárà tí mò ń wọ̀n, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́.

"Sọ fún un pé o fẹ́ pa á," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe ní kí n sọ ọ́. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù iṣẹ́ yìí wọ egungun mi, kò sì jáde mọ́.

Ọ̀gá mi tún ní ohun mìíràn tó ń ṣe. Agolo ìrẹsì tútù ló máa ń ki ẹ̀mú bọ̀ lálaalẹ́, kí ìrẹsì lè fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wa iyọ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etíkun mọ̀ bó ṣe ń jẹ páànù. Láràárọ̀, kó tó wọn ẹnikẹ́ni, á fi ẹ̀mú wọn èèkàn igi kan tó gbẹ́ fún un, á sì tún gbá itan ara rẹ̀ mú. Nínú oṣù Ràmàdáánì, ó máa ń gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí agbérin kankan fi tòun ṣe àpẹẹrẹ. "Bí oòrùn bá wọ̀, màá mu omi," ló máa ń wí. "Ta ló máa sọ fún ìwọ pé oòrùn tìẹ ti wọ̀?"

Mo lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, kò rí nọ́ńbà ara ẹ̀mú mọ́. Mo gba ìyọ̀ǹda, mo sì padà sí Etíkan níbi tí wọ́n ti bí mi, mo ya yàrá kan nínú ilé tí a kọ́ sórí òpó lójú omi. Pákó ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀. Bí ènìyàn bá gorí òṣùwọ̀n, pákó á tẹ̀ díẹ̀, òṣùwọ̀n á sì bù lára ìwọ̀n rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé òṣùwọ̀n Etíkan ń bu ọlá fún àlejò.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ Dípọ̀. Apẹja ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ní. Bàbá rẹ̀ ti bá òkun lọ nígbà tí kò tíì mọ̀ rìn. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní ìdí ilé kẹta sí tèmi, èéfín rẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀. Mi ò rí ẹni tí Ọlọ́run fi ara jíǹkí bíi Dípọ̀ rí. Bó bá gbé apá sókè, àwọn ọmọbìnrin inú ọkọ̀ tó ń kọjá á gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ. Ó fẹ́ lọ ìdíje ńlá kan ní Àkúrẹ́, èmi náà sì fẹ́ kó lọ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, torí lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ kan tí mo múra fún lọ dúró lórí pèpéle pẹ̀lú ikùn rírọ̀. Àwọn adájọ́ wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kúrò létí mi.

Mo ra ẹ̀mú tuntun l'Ékòó nítorí ìdíje yẹn. Ó ń dán gbinrin. Ẹni tó tà á fún mi ní irú irin yẹn kì í dípẹtà, mo gbà á gbọ́, mi ò sì fi í sínú ìrẹsì. Ó kàn wà lórí wíńdò níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ sí i lọ́sàn-án lóru, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Ara rẹ̀ kò dípẹtà lóòótọ́. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí sipíríìnì wà, ni iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Bí sipíríìnì ẹ̀mú bá ti rọ, kò ní í lágbára láti fún awọ pọ̀ bó ṣe yẹ. Awọ tín-ínrín á wá dà bí èyí tó nípọn lójú rẹ̀. Mo ń fi wọn èèkàn láràárọ̀, ó ń sọ òótọ́, torí igi kì í rọ̀. Mo gbá itan ara mi mú, ó ní ọ̀rá mi ti pọ̀ sí i. Dípò kí n fura, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé púpurú ẹ̀gẹ́ tó ń rò fún mi ló ń ṣiṣẹ́ lára mi, inú rẹ̀ sì dùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá Dípọ̀ bọ̀. Ní oṣù kejì, mo gba púpurú lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹja gbígbẹ àti ewébẹ̀ ló kù. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ ẹ̀mú kò kúrò lójú kan. Ẹ rántí ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi: bí ara bá fúyẹ́ tí awọ kò dín kù, kí n dá a dúró. Mo rántí. Mo ní pákó ilé ló ń tan òṣùwọ̀n jẹ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdíje pé, Dípọ̀ dúró níwájú mi. Mo fi ìka gbá ikùn rẹ̀ mú, ẹ̀rù bà mí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí mo máa rí mú. Mo gbá àyà, itan, ẹ̀yìn apá. Ọwọ́ mi sọ fún mi pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé márùn-ún ni òpin ọkùnrin. Mo ṣí ẹ̀mú. Ẹ̀mú ní mẹ́sàn-án.

Ìwé wà níwájú mi, bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ mẹ́sàn-án sí apá ọ̀tún. Apá òsì, mo fi í sílẹ̀ lófìfo.

"Mélòó ni, Ẹ̀gbọ́n?" Dípọ̀ bi mí.

"Mẹ́sàn-án," mo ní. "Ó kù díẹ̀. A máa dín oúnjẹ kù sí i, a ó sì fi omi sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì tó gbẹ̀yìn."

Ẹ̀rín àwọn adájọ́ ni mo ń gbọ́. Ẹ̀rù ìtìjú ló borí ẹ̀rù Ọlọ́run nínú mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Dípọ̀ wá bá mi. Eérú wà lápá rẹ̀ méjèèjì. Kò jókòó.

"Bàbá Ṣadé, ẹ gbọ́ mi," ó ní, orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí. "Bí ẹja bá wà lórí iná, ọ̀rá rẹ̀ máa ń kán sínú iná, iná á sì máa dún. Bí iná bá ti dákẹ́, ọ̀rá ti tán nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbé ẹja kúrò nígbà náà, èédú ló fẹ́ jẹ. Ọma mi ti dákẹ́ nínú ulí láti ọjọ́ mẹ́ta, kò bá mi sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ẹ bá mi gbé e kúrò lórí iná."

"Màmá, ẹ̀mú ní ó ku mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà kì í parọ́."

Ó wò mí tìtì.

"Ṣé ẹ̀mú ló bí i ni?" ó ní, ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní omi ní ń tán lẹ́yìn ẹja tí ẹja fi ń di èrò ìṣasùn. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò sì rí ara mi nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá. Àwa mẹ́rin ni: èmi, Dípọ̀, ìyá rẹ̀ tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ṣawá yíyan lọ sọ́jà, àti awakọ̀. Ó ti di ọjọ́ kejì tí Dípọ̀ kò fi omi kan ẹnu. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ yọ bí okùn. Nítorí kí ó má baà rí omi tí yóò wù ú mu, mo ti tú ọkọ̀ náà wò kí a tó gbéra. Mo ní kí awakọ̀ fi kẹ́ẹ̀gì omi mímu rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté. Ó fi í sílẹ̀.

A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí koríko orí omi fi wé ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kú. Koríko náà bo odò látòkè délẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, oòrùn sì wà lágbedeméjì orí. Awakọ̀ mú àdá, ó ń gé e, ó ń tún wé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ń ká," Dípọ̀ ní.

Mo fà á lẹ́sẹ̀. Iṣan náà le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ mi. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ká, ìka rẹ̀ dì mọ́ra. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà. Ọkàn rẹ̀ sáré, ó dúró, ó tún sáré. Kò sí òógùn kankan lára rẹ̀ nínú oòrùn yẹn. Ó yí ojú sí mi, ó sì ń wá ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé mo ti gbẹ tó?"

Mo wo omi tó yí wa ká, omi iyọ̀ tí ènìyàn kò lè mu. Mo wo ibi tí kẹ́ẹ̀gì awakọ̀ ì bá wà. Mo rí i kedere pé ọmọ yìí máa kú lọ́wọ́ mi lójú ìyá rẹ̀, àti pé èmi ni mo kó omi kúrò nínú ọkọ̀.

Ìyá Dípọ̀ kò sunkún. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, lábẹ́ ṣawá, ó yọ píọ́ wọ́tà kan jáde, ó yọ èkejì. Ó fi eyín já etí rẹ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń kán an. Kò wò mí. Títí awakọ̀ fi tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, títí a fi gúnlẹ̀ tí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò wò mí.

Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó yè. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, kò sì gbé irin mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ kò bú mi rí. Bí a bá pàdé lórí afárá pákó, á kí mi, á sì kọjá. Ó sàn kó bú mi.

Mo gbé ẹ̀mú lọ bá Ọ̀gá Làsísì. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán nígbà náà. Ó gbà á, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó sì jẹ́ kó pa dé mọ́ awọ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀.

"Kò bù mí jẹ," ó ní. "Akin, irin yìí kò léyín mọ́. Kí ni ọwọ́ rẹ sọ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Mi ò rántí, Ọ̀gá."

Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ògiri. Kò tún bi mí mọ́ títí ó fi kú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́fun mi bí eegun ẹja.

Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ lè ní kí ló dé. Mo rò pé bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù kò bà ni yóò gbà á. Mo padà sí Igbókòdá, mo gbé òṣùwọ̀n mi sórí kọnkéré, ẹ̀mú mi sùn nínú ìrẹsì lálaalẹ́, mi ò sì fi apá òsì ìwé mi sílẹ̀ lófìfo mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo lé àwọn oníbàárà kan lọ, mo ní kí wọ́n lọ jẹun. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ojo ni mí. Òótọ́ ni.

Nígbà tó yá, irinṣẹ́ yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wá, tí ènìyàn á fi ẹsẹ̀ lásán gorí rẹ̀, táá sì sọ iye ọ̀rá, iye ẹran àti iye omi lójú fóònù. Àwọn mìíràn kàn ń ya fọ́tò ara wọn, fóònù á sì bá wọn sọ nọ́ńbà. Oníbàárà mi ń dín kù, mi ò bínú. Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, mo kó ẹ̀mú sínú agolo rẹ̀, mo dé e. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Dípọ̀ ti di awakọ̀ ojú omi, láàárín Igbókòdá àti Etíkan ló ń ná. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, píọ́ wọ́tà kan ló máa kọ́kọ́ gbà kí ó tó jókòó, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Dípọ̀ bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Yétúndé. Lọ́dún yìí, Dípọ̀ mú Yétúndé wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, apá rẹ̀ sì rí bíi ti bàbá rẹ̀ gan-an. Ìdíje àwọn obìnrin ló fẹ́ lọ, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Bàbá, mo ní kò ní í lọ ibì kankan àfi tí ẹ bá wò ó," Dípọ̀ ní.

Yétúndé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gùn ún. Fóònù sọ mẹ́tàdínlógún. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, bẹ́ẹ̀ òun kò jẹ ju ẹyin àti ewébẹ̀ lọ. Olùkọ́ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ti ní kó dín omi kù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti tún ránṣẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ pátápátá láti òní lọ.

Mo wo ètè rẹ̀. Ó ti fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi lọ́wọ́, mo gbá awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo sì fi í sílẹ̀. Awọ náà dúró bí aṣọ tí a ká, kó tó rọra padà. Mo padà wà nínú ọkọ̀ yẹn, oòrùn wà lórí mi.

"Ẹ̀rọ yìí ń rán iná mànàmáná kékeré gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ," mo sọ fún un. "Omi ara ni iná náà ń bá rìn. Bí omi bá ti dín, iná kò ní í ráyè kọjá, ẹ̀rọ á sì pe ọ̀gbẹlẹ̀ ní ọ̀rá. Bí o ṣe ń gbẹ ló ń sọ pé o ń sanra. Bí o bá gbà á gbọ́, á tún ní kí o gbẹ sí i."

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ni gbogbo wọn ń lò l'Ékòó," ó ní. "Nọ́ńbà kì í parọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi nìyẹn, tí mo sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ ní Yétúndé.

Dípọ̀ ló fọhùn. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà.

"Bàbá, kí ni ọwọ́ yín sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo wo ilẹ̀. Mo wo ọmọ náà. Mo jókòó.

"Márùn-ún," mo ní. "Ọwọ́ mi sọ márùn-ún. Mo mọ̀ pé ọ̀rá ara rẹ ti tán. Mi ò kọ ọ́."

"Mo mọ̀," Dípọ̀ ní. "Ìwé yín ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ẹ fi apá òsì sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo fẹ́ borí ni, mo sì dákẹ́. Màámi ni mo sọ fún."

Ìdí tó fi gbé omi pamọ́ sábẹ́ ẹja nìyẹn. Gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn tó ń kí mi lórí afárá, ó mọ̀.

"Kí ló wá dé tí o fi mú ọmọ rẹ tọ̀ mí wá?" mo bi í. Omijé ti gba ojú mi.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa sọ ọ́. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò rántí, à bá ti máa lọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Yétúndé, dúró dáadáa kí Bàbá wọ̀n ọ́."

Ìka kì í gbàgbé. Mo gbá ẹ̀yìn apá rẹ̀ mú, abẹ́ eegun èjìká, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, iwájú itan. Mo wí i sókè kí gbogbo wa gbọ́.

"Méjìlá. Òpin tí ọ̀gá mi fi lélẹ̀ fún obìnrin nìyẹn. Ó ti tán, ọmọ mi. Kò sí ohun tó kù láti yọ́ àfi ìwọ fúnra rẹ."

Dípọ̀ mú bírò, ó kọ ọ́ sí apá òsì ìwé. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀mú. Yétúndé ń wo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò gbé e, yóò sì máa lọ. Bàbá rẹ̀ na píọ́ wọ́tà kan sí i. Ó gbà á. Ó fi eyín já etí rẹ̀ bí ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí ṣe já a nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, ó sì mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu.